Wọ́n Fẹ́ Fi Ìyá Àgbà Mi Jẹ Ìyá Èdè Lọ́jọ́ Sátidé

Lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀ yìí, wọ́n fẹ́ fi ìyá àgbà mi joyè nítorí Yorùbá ìjìnlẹ̀ tó wà lẹ́nu rẹ̀, Yorùbá ìjìnlẹ̀ ọ̀hún kì í sì í ṣe Yorùbá. Nínú ilé tí mo ń gbé, èmi nìkan ni mo mọ̀. Ó ti rẹ̀ mí, ẹ̀yin ará ibí yìí, mi ò mọ ẹni tí mo tún lè bi... Admin, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi orúkọ mi pamọ́, torí àwọn kan nínú àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn máa ń ka page yìí, mo ti rí comment wọn rí. Ẹ sì forí jì mí tí Yorùbá mi bá ń kọsẹ̀. Tamale ni wọ́n bí mi sí, ní àríwá Ghana. Ògbómọ̀ṣọ́ ni ìdílé wa ti wá, ṣùgbọ́n òyìnbó ni wọ́n fi kọ́ mi ní school, Dagbani ni mo fi bá àwọn ẹgbẹ́ mi ṣeré, Hausa ṣákálá ni mo fi ń ra nǹkan lọ́jà. Ní ti Yorùbá, inú yàrá ìyá àgbà mi ni mo ti gbọ́ gbogbo èyí tí mo gbọ́. Àwa méjèèjì la jọ ń gbé ní Moshie Zongo, àdúgbò àwọn àlejò, báyìí. Bàbá mi wà ní Kumasi níbi iṣẹ́, ìyá mi ti dolóògbé.

Ẹ máa rẹ́rìn-ín tí mo bá sọ ohun tó fà á. Game ni. Ọ̀kan nínú àwọn game orí fóònù yìí tí ọ̀pọ̀ èèyàn jọ máa ń wà nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí wàá di jagunjagun tàbí ọdẹ tàbí oníṣègùn ní ayé àtijọ́ kan tí kò sí níbì kankan, tí ẹ ó jọ wọ igbó, tí ẹ ó jọ bá ẹranko abàmì jà. Àwọn ọmọ Yorùbá kan kóra wọn jọ síbẹ̀, wọ́n tẹ ìlú tiwọn dó, Òkè Ìjì lorúkọ rẹ̀. Ará Ìbàdàn wà níbẹ̀, ará Òṣogbo, ará Èkó, àwọn tó wà nílùú òyìnbó. Olórí wa, Ìbàdàn ló ń gbé, Balógun là ń pè é, mi ò mọ orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Òfin kan ṣoṣo ló wà ní Òkè Ìjì. Tó o bá ti wọ ẹnubodè, o ò gbọdọ̀ kọ ọ̀rọ̀ kankan tó máa rán wa létí pé fóònù la gbé dání. Kò sí level, kò sí loot, kò sí tank, kò sí lag. Tó o bá fẹ́ lọ jẹun, wàá ní ò ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sódò. Ẹni tó bá gbàgbé tó lo ọ̀rọ̀ game, tirẹ̀ ni láti gbálẹ̀ ọjà Òkè Ìjì nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń lọ síjà, kó máa gbá eruku tí kò sí níbẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe irú game yìí lè máa wò ó pé kí ló le tó bẹ́ẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù oògùn ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Vittin, orí ìdúró ni mo máa ń wà láti àárọ̀, ẹni tí orí ń fọ́, ẹni tí inú ń run, ẹni tó fẹ́ kí n ta oògùn tí dókítà ò kọ fún un, gbogbo wọn ló ń jágbe mọ́ mi. Màá gun ọ̀kadà wálé nínú eruku, tí dumsor bá tún ti mú iná lọ, ooru á dì mí mú mọ́lẹ̀. Òkè Ìjì nìkan ni mo ti ń sinmi. Ìkùukùu bo igbó, à ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó wà níwájú, Balógun ní ká dákẹ́ ká gbọ́... tí ẹnì kan bá wá kọ ọ́ síbẹ̀ pé guys who is tanking, abeg I get lag, igbó yẹn á kàn pòórá ni. Ojú ẹsẹ̀ ni màá rí ara mi lórí bẹ́ǹṣì nínú ọgbà ilé wa, ẹ̀fọn ń jẹ mí lẹ́sẹ̀, battery ti fẹ́ kú, ọ̀la ni iṣẹ́. Inú máa ń bí mi nígbà yẹn bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun.

Èmi alára ni mo sì ń ṣẹ̀ jù. Network àdúgbò wa, ẹ ẹ̀ mọ̀ ọ́n ni. Wọ́n á ti pa ẹranko tán kí ẹsẹ̀ mi tó gbéra. Mi ò mọ ọ̀rọ̀ mìíràn tí mo lè fi ṣàlàyé, ṣé kí n ní mo ti sùn ni? Mo kàn ń kọ lag, lag, ẹ má bínú, lag ni. Mo gbálẹ̀ ọjà yẹn títí tí wọ́n fi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé èmi ni olórí àwọn agbálẹ̀. Nígbà tó yá Balógun bá mi sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ o, pé tí mo bá tún sọ ọ́, àwọn ará ìlú ní kí òun yọ mí. Ọjọ́ yẹn ni mo lọ bá ìyá àgbà mi níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà. Mi ò sọ̀rọ̀ game fún un. Mo kàn bi í pé, Ìyá, tí èèyàn bá ń bọ̀ tí nǹkan dá a dúró lọ́nà, tí kò tètè dé, kí lẹ máa ń pe ìyẹn ní Yorùbá àtijọ́? Kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní jìnkírì. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni bàbá òun máa ń wí tí ọkọ̀ tó kó obì bá pẹ́ kó tó dé láti Kumasi, pé jìnkírì ti mú wọn.

Mo kọ ọ́ sí Òkè Ìjì lọ́jọ́ náà. Ẹ má bínú, ará mi, jìnkírì ló mú mi. Mo rò pé mo ti tún ṣẹ̀ ni. Ni Balógun bá bi mí níbo ni mo ti rí ọ̀rọ̀ yẹn. Mo ní lẹ́nu ìyá àgbà mi ni, pé Ògbómọ̀ṣọ́ ni wá láti ilẹ̀ ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí àwọn ará wa ti wà ní Gold Coast. Ọkùnrin yìí sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún, ó ní èyí ni Yorùbá tí àwọn tó dúró sílé ti sọ nù, tí àwọn tó rìnrìn àjò wá bá wa tọ́jú sínú ẹnu. Láti ọjọ́ náà ni jìnkírì ti di ọ̀rọ̀ Òkè Ìjì. Ẹnì kankan ò sọ lag mọ́. Àní mo gbọ́ pé àwọn kan ń lò ó níta, wọ́n á ní jìnkírì mú ọ̀gá àwọn níbi iṣẹ́.

Ẹnu ọ̀nà ṣí nìyẹn. Wọ́n á ní Àǹtí Tamale, ẹ bá wa bi Ìyá léèrè. Tank, ẹni tó máa ń ṣíwájú gba ìyà ogun sára kí àwọn yòókù lè ráyè jà, Ìyá ní gàrìkúwà. Ẹni tó mọ̀nà, tó kó wa jáde, tí àwọn ẹlòmíràn ń pè ní raid leader, Ìyá ní mádúgù. Oúnjẹ àti oògùn tí a dì sínú àpò fún ìrìn àjò, Ìyá ní gúsúrì. Mò ń gbé e lọ fún wọn gbígbóná-gbígbóná. Ẹyọ kan ṣoṣo ló kọ̀ fún mi. Mo ní tí ẹnì kan bá kú lójú ìjà tó tún dìde, kí la máa pè é? Ó tẹjú mọ́ mi. Ó ní ẹni tó bá kú, Ọlọ́run nìkan ló ń jí i, òun ò ní fún mi lọ́rọ̀ fún ìyẹn, kí n lọ sọ fún ẹni tó rán mi pé wọ́n dákú ni. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe rí o. Títí dòní, ẹnikẹ́ni kì í kú ní Òkè Ìjì, wọ́n máa ń dákú ni.

Ìgbà yẹn náà ló bi mí pé ta ló rán mi. Ni mo bá ṣàlàyé fún un, mo ti ń múra sílẹ̀ fún ìbáwí, àgbàlagbà bíi tèmi tó ń ṣeré orí fóònù. Kò bá mi wí. Ohun tó bi mí ni pé ṣé ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ wà nínú wọn. Mo ní ọ̀kan wà, Ọdẹ là ń pè é, Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti ń kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí wa. Ìyá bá ní kí n kí i. Láti ìgbà náà, tó bá ti kírun Màgàríbì tán báyìí, á gbé àpótí rẹ̀ wá sí ẹ̀gbẹ́ mi, á ní kí n ka ohun tí wọ́n sọ sí òun létí. Ó mọ gbogbo wọn. Ó ń gbàdúrà fún wọn lórúkọ. Lọ́jọ́ tí Ọdẹ dákú sínú odò, kò lè jẹ tùó rẹ̀ títí mo fi fi hàn án pé ọmọ náà ti dìde. Ẹ wò ó, ìyá àgbà mi kì í bá èèyàn sọ̀rọ̀ púpọ̀ tẹ́lẹ̀. Èmi gan-an tí mo ń bá a gbé, kíkí la fi ń bẹ̀rẹ̀, kíkí la fi ń parí. Ní báyìí ó ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ game tí wọ́n lé jáde ní Òkè Ìjì, ọ̀dọ̀ tiwa ló wá fi ṣe ibùgbé. Tí ìmáàmù bá pẹ́ dé, á ní làágì ló ń ṣe ìmáàmù. Tí oorun bá ń kùn ún, á ní òun fẹ́ lọ lọ́gáwútù. Àwọn obìnrin Àsàlátù rò pé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni.

Kí ẹ lè mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń pa mí lára, mo gbọ́dọ̀ sọ ti Ògbómọ̀ṣọ́ fún yín. Tamale ni wọ́n bí ìyá àgbà mi náà sí. Nígbà tí ìjọba Ghana ní kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé máa lọ sílùú wọn, wọ́n kó wọn sínú lọ́rì, òun pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, wọ́n lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ tí kò fojú rí rí. Ilé ni wọ́n ní kó máa lọ, àbí? Ó dé ilé, ó lọ pọn omi, ó la ẹnu, àwọn obìnrin tó wà nídìí omi bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní Gàmbàrí rèé. Gàmbàrí, wá gba omi. Gàmbàrí, kí lo wí? Orúkọ tó jẹ́ ládùúgbò nìyẹn títí tó fi kúrò. Ó ní ìgbà tó yá òun kì í sọ̀rọ̀ níta mọ́, tí òun bá dé ọjà òun á na ìka sí ohun tí òun fẹ́ rà bí odi. Nígbà tí ọ̀nà là tí wọ́n padà sí Tamale, ó ṣòfin pé nínú yàrá òun, Yorùbá nìkan ni wọ́n máa sọ, kí ẹnikẹ́ni má baà fi ọmọ òun rẹ́rìn-ín mọ́. Bàbá mi jẹ pàṣán lórí Dagbani. Ìdí nìyẹn tí èmi náà fi gbà pé ohun tí wọ́n ń sọ níta ni Hausa, ohunkóhun tó bá ti jáde lẹ́nu Ìyá nínú yàrá, Yorùbá ni. Mo tilẹ̀ ti gbọ́ jìnkírì lẹ́nu Hausa kan lọ́jà rí, mo rò pé àwọn ni wọ́n yá a lọ́wọ́ wa.

Ó wá ku ọ̀sẹ̀ kan báyìí. Balógun ní ọ̀rọ̀ Ìyá ti tó láti kọ sára òkúta, ó ti gbẹ́ àwọn òkúta ńlá sí ẹnubodè Òkè Ìjì, orí wọn ni wọ́n fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ náà sí kí gbogbo ẹni tó bá ń wọlé máa rí i. Wọ́n ní lọ́jọ́ Sátidé tí wọ́n bá ń ṣí i, gbogbo ìlú á péjọ, kì í ṣe kíkọ mọ́, ohùn ni, Ìyá á bá wọn sọ̀rọ̀ látorí fóònù mi, Balógun á ka ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, wọ́n á wá fi í jẹ Ìyá Èdè Òkè Ìjì. Bí mo ṣe sọ fún Ìyá, ó ní kí n tún un sọ. Ó ní kí n tún un sọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ló bá jáde lọ sọ fún gbogbo àdúgbò. Àwọn obìnrin Àsàlátù ń bọ̀, wọ́n ti ní kí n yá spíkà kí gbogbo ọgbà lè gbọ́.

Ọ̀sẹ̀ tí Balógun kéde rẹ̀ náà ni obìnrin kan tó ń jẹ́ Aláró ní Òkè Ìjì kọ̀wé sí mi ní ìkọ̀kọ̀. Kò pẹ́ tó wọ ìlú. Ó ní ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi, Òṣogbo ni mo wà báyìí ṣùgbọ́n Kano ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, àwọn ọ̀rọ̀ Ìyá yìí, Hausa ni wọ́n. Ó ní òun kọ́kọ́ rò pé àwàdà ni. Ó ní òun ò fẹ́ tú àṣírí ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n Balógun ń kọ ọ́ káàkiri pé Yorùbá tó sọnù la rí he, àwọn tó gbọ́ Hausa máa ka òkúta yẹn, wọ́n sì máa fi gbogbo wa ṣẹ̀sín. Ó ní kí n sọ fún Balógun kí ó tó di Sátidé. Tí mi ò bá sọ ọ́, òun á sọ ọ́.

Mo fẹ́ kó jẹ́ irọ́. Mallam kan wà tó ń ránṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù wa ní Vittin, Hausa ni, àgbàlagbà ni. Mo lọ bá a, mo ṣe bí ẹni tó ń ṣeré, mo sọ àwọn ọ̀rọ̀ náà fún un lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò lórí mẹ́ṣìnnì. Ó ní garkuwa, apata tí wọ́n fi ń gba ọfà nìyẹn. Madugu, olórí àwọn tó ń da kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kiri lọ ra obì. Guzuri, oúnjẹ ojú ọ̀nà. Jinkiri, ìyẹn ò tiẹ̀ le, ìdádúró ni. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, inú rẹ̀ ń dùn, ó bi mí ta ló kọ́ mi ní irú Hausa báyìí, pé àwọn ọmọ Zongo ò mọ̀ ọ́n mọ́, Hausa bàbá àgbà òun ni. Mo dúró síbẹ̀ mò ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú rẹ̀. Mo padà sídìí káńtà, mo ta oògùn ikọ́ fún ẹni tó wá ra oògùn ibà, ọ̀gá mi ló tètè rí i.

Mo gbìyànjú láti sọ fún Ìyá, ẹ má rò pé mi ò gbìyànjú. Mo ní, Ìyá, ọ̀rọ̀ jìnkírì yẹn, ṣé ó dá yín lójú pé Yorùbá ni? Ojú tó fi wò mí lọ́jọ́ yẹn, mi ò rí irú rẹ̀ rí. Kò bínú. Ẹ̀rù ló bà á. Ó ní, "Ta ló ní kì í ṣe Yorùbá?" Mo ní kò sẹ́nì kankan, Ìyá, mo kàn ń bèèrè ni. Ó ní ṣé Ọdẹ ló sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní rárá o. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà kò gbé àpótí rẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi, ó ní ẹ̀yìn ń dun òun. Ní ọjọ́ kejì mo parọ́ fún un pé Ọdẹ ní kí n kí i, pé ó ń retí Sátidé. Kíá lẹ̀yìn rẹ̀ sàn. Ó jókòó tì mí, ó ń wo fóònù náà, ó wá sọ pé láyé òun, òun ò rò pé ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kan á pe òun ní ìyá lórí ọ̀rọ̀ ẹnu òun, pé ó dà bí ẹni pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ délé. Mo ní kí n lọ wo nǹkan lórí iná. Kò sí nǹkan kan lórí iná.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà lọ́kàn mi, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú mi. Kí ni Hausa, kí ni Yorùbá gan-an? Wàhálà tí gbogbo yín ń sọ lójoojúmọ́, ṣé ilé Odùduwà ni wọ́n ti bí i? Àlàáfíà ńkọ́? Àlùbọ́sà tí ẹ fi ń se ọbẹ̀ ńkọ́? Ọ̀rọ̀ wọ̀nyí wà lẹ́nu bàbá ìyá àgbà mi kí wọ́n tó bí i, inú yàrá wa ni wọ́n dàgbà sí, kí ló kù kí wọ́n tó di tiwa? Mo tún wá ronú sí Òkè Ìjì. Nígbà tí a ń sọ lag, igbó ń pòórá. Nígbà tí a ń sọ jìnkírì, igbó dúró gbọin, ìkùukùu ò ká, gbogbo wa gbà gbọ́. Hausa ni, kò sì ba nǹkan kan jẹ́. Ṣé ọ̀rọ̀ náà ló ń bà á jẹ́, àbí bí a bá ti mọ ibi tó ti wá? Ní báyìí tí èmi ti mọ̀, kì í ṣe ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Tí ẹnì kan bá pariwo gàrìkúwà lójú ìjà báyìí, Mallam pẹ̀lú mẹ́ṣìnnì rẹ̀ ni mò ń rí. Ibi kan ṣoṣo tí mo ti ń sinmi, mi ò rí i sinmi mọ́.

Tí mo bá sọ fún Balógun ní ìkọ̀kọ̀, ó lè fojú àánú wò ó, ó lè ní ká fi oyè náà dá Ìyá lọ́lá bẹ́ẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń lé ọ̀rọ̀ àlejò jáde nílùú láti àárọ̀, ṣé á gbà kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ àlejò sára òkúta? Á ní ká sún Sátidé síwájú, Ìyá á bi mí nítorí kí ni, kí ni màá sọ? Tí mo bá sì dákẹ́, Aláró á sọ ọ́, wọ́n á máa jà lé e lórí ní gbangba, Ọdẹ á wà níbẹ̀. Ká tilẹ̀ ní Aláró gbà láti dákẹ́... Ìyá ti pe Hajiya Ladi. Ẹni tí ògiri wa jọ so pọ̀ ni Hajiya, Hausa pọ́ńbélé ni, ọ̀rẹ́ Ìyá sì ni láti ọjọ́ pípẹ́, ibi ìjókòó iwájú ni Ìyá fi pamọ́ fún un. Á jókòó síbẹ̀, spíkà á ń dún, ọkùnrin kan á ti Ìbàdàn máa ka Hausa fún un, á máa pè é ní Yorùbá ìjìnlẹ̀, ẹ rò pé kò ní rẹ́rìn-ín? Kò ní mọ̀ pé òun ṣe nǹkan kan. Ẹ̀rín lásán ni. Irú ẹ̀rín tí wọ́n rín nídìí omi nìyẹn.

Mo ti ronú pé kí n ba fóònù yìí jẹ́. Mo ti ronú pé kí n ní network ò sí lọ́jọ́ náà, Ọlọ́run mọ̀ pé gbogbo èèyàn á gbà á gbọ́ ní Tamale. Ṣùgbọ́n wọ́n á mú ọjọ́ mìíràn ni. Mo pe bàbá mi ní Kumasi, ó ní kí n má da Ìyá láàmú, pé game lásán ni, kí n kàn yọ ara mi kúrò níbẹ̀. Kò mọ̀ pé tí mo bá yọ ara mi, Ìyá ni mo yọ. Àná ni mo bá a níbi tó ti ń dá sọ̀rọ̀ nínú yàrá, mo yọjú, ó ń dá àwọn ọ̀rọ̀ náà kọ́ ara rẹ̀ ni, jẹ́jẹ́, lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ohùn òun má baà gbọ̀n tó bá di Sátidé. Ó rí mi, ojú tì í, ó ní kí n ti ilẹ̀kùn.

Ẹ gbà mí o. Ẹ̀yin tí ẹ ní ìyá àgbà, ẹ̀yin tí wọ́n ti fi ẹnu yín rẹ́rìn-ín rí níbi tí ẹ pè nílé, kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n sọ fún Balógun? Ṣé kí n lọ bẹ Hajiya pé kó má wá, àbí kí n sọ òtítọ́ fún Hajiya kó lè di ẹnu rẹ̀ mú? Ṣé kí n dákẹ́ kí Ìyá jẹ oyè rẹ̀, kí ohun tó bá fẹ́ ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ṣẹlẹ̀? Àbí Ìyá gan-an ni kí n sọ fún, lójú ara rẹ̀, kó lè fúnra rẹ̀ pinnu? Ẹni tó bá máa ní kí n sọ fún un, mi ò ní bínú, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ bá mi kọ gbólóhùn tí màá fi bẹ̀rẹ̀ síbí, kó jẹ́ Yorùbá tí kò ní dùn ún. Mo ti wá a, mi ò rí i. Gbogbo ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá wọ́n mi, òun ni mo máa ń bi.